Nọ́ńbà Ilẹ̀kùn Tí Mo Yí Padà

"Moubarakath, gbé kàyé yẹn fún Houda."

Bí Mẹsié Benjamin ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ní kí n gbé iyọ̀ fún ẹni tó jókòó tì mí nídìí oúnjẹ. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn nawọ́ sí kàyé aláwọ̀ búlúù, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa, tí mo gbé mọ́ àyà, ó sì yíjú padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà la wà nínú yàrá náà, àwọn yòókù sì ń wò mí. Mo gbé kàyé náà fún Houda. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní, "O ṣé o, Moubarak," ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì í.

Oṣù kẹjọ ọdún 1999 ni, a wà nínú ìsinmi ńlá. Mẹsié Benjamin jẹ́ ọmọ Mahi, ará Savalou gan-an, tó ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọdún mélòó kan ní Kútọnu. Nígbà tó padà wálé, ó gba yàrá méjì lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò iṣu, ó kó kọ̀ǹpútà mẹ́ta síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ ọmọ ìlú níṣẹ́ ọ̀la. Òfin kan ló fi lélẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹnikẹ́ni tó bá yí ohunkóhun padà nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú kàyé, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kàyé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni olórí iṣẹ́. Èmi ni mo ti ń gbé e láti oṣù karùn-ún.

Ọmọ Gouka ni mí, lábẹ́ Bantè. Àgbẹ̀ oníṣu ni Soulé, bàbá mi. Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló mú mi wá sí Savalou, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ta aṣọ lọ́jà. Ìyá Houda là ń pè é, Houda sì ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi ju Houda lọ. A jọ ń sùn lórí ẹní kan, a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan, Ìyá Houda kì í sì í ra aṣọ fún un kó má ra irú rẹ̀ fún mi. Wọn ò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí. Àmọ́ ẹni tó ń jowú kò nílò kí wọ́n bú òun, ó lè bá wọn bú ara rẹ̀. Ilé náà, ti Houda ni. Ìyá tó ń bá wa di irun, ìyá Houda ni. Kódà orúkọ tí wọ́n fi ń pe obìnrin tó ń bọ́ mi, orúkọ Houda ló wà nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà nìkan ni tèmi. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn, Houda ò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀ nígbà náà. Ó tẹ̀ lé mi wá lọ́jọ́ kan nítorí pé ilé sú u. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti ń bi Mẹsié Benjamin ní ìbéèrè tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè béèrè. Mò ń jowú rẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́dún yẹn, iṣẹ́ Àlájì Ramanou ni. Àlájì ni olórí àwọn oníṣòwò iṣu, ọmọ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ ti Nàìjíríà wá tẹ̀dó sí Savalou. Ó ní kàmíọ̀n méjì tó fi ń kó iṣu. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé kàmíọ̀n rẹ̀ lè rìn wọ inú abúlé kan, kó bá ilẹ̀ lásán, nígbà tí iṣu ń bàjẹ́ lábúlé kejì. Mẹsié Benjamin ṣèlérí fún un pé a máa ṣe ojú ìwé kan sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá kọ orúkọ abúlé sí i, ojú ìwé náà yóò sọ irú iṣu tó wà níbẹ̀, iye òkìtì rẹ̀ àti ẹni tó ni ín. Àlájì ní tí ohun náà bá ṣiṣẹ́ lójú òun, òun á rán ọmọ tó bá ṣe olórí iṣẹ́ náà lọ sí Kútọnu fún oṣù mẹ́ta, kó lọ kọ́ ọ dójú àmì. Ọmọ kan ṣoṣo ni o. Mo ti ń fi ojú inú rí ara mi nínú bọ́ọ̀sì.

Ó rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Kọ̀ǹpútà kan wà ní yàrá iwájú, òun ni sáfà wẹ́ẹ̀bù. Tirẹ̀ ni kó gba ìbéèrè lọ́wọ́ àlejò, kó sì gbé ìdáhùn fún un, àmọ́ kò mọ iye iṣu tó wà níbì kankan. Kọ̀ǹpútà kejì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Òun ni sáfà tó ń lo èdè Java, òun ló mọ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kì í bá àlejò sọ̀rọ̀. Wáyà kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn so àwọn méjèèjì pọ̀. Wáyà nìkan kò sì tó. Ètò kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí yóò máa gbé èsì bọ̀. Mẹsié Benjamin ń fi Faransé pè é ní kọnẹtẹ̀ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ètò yìí jà, kò ṣiṣẹ́. Mo tú sáfà iwájú, ara rẹ̀ le. Mo tú sáfà ẹ̀yìn, ara rẹ̀ le. Síbẹ̀ wọn ò gbọ́ ara wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Houda fi tún un ṣe. Ó tiẹ̀ tún wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé láti ṣàlàyé fún mi, bí ẹni pé mo bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n wá tọrọ Àǹtí Sikirath?" ló bi mí.

"Kí ló kan Àǹtí Sikirath nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Gbọ́ ná. Àwọn ará ilé ọkọ ò dédé já wọlé. Alárinà ni wọ́n rán. Alárinà yẹn ò sì mọ ilé wa rí. Wọ́n júwe àdúgbò fún un, wọ́n tún sọ ilẹ̀kùn tó máa kàn. Ká ní wọ́n sọ àdúgbò, tí wọn ò sọ ilẹ̀kùn ńkọ́? Ì bá máa rìn kiri ni. Bàbá ọkọ wà nílé, bàbá ìyàwó wà nílé, kò sí aláìsàn láàárín wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò ní dé ibi tó ń lọ. Kọnẹtẹ̀ẹ̀ náà, alárinà ni. Sáfà ẹ̀yìn ń tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn 8007. Ìwọ sọ ilé fún alárinà, o ò sọ ilẹ̀kùn fún un."

Àlàyé náà yé mi yékéyéké, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù. Lọ́jọ́ kejì, Mẹsié Benjamin dán an wò, ó pàtẹ́wọ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Kàyé lọ. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà bá kàyé lọ. Mo mọ̀ pé Kútọnu náà ti bá wọn lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí Houda bá ṣe ló ń rùn sí mi. Bó bá kí mi, mo ní ó ń ṣe fújà. Bó bá dákẹ́, mo ní ó ti ń gbéra ga. Ní ọjọ́ Wẹsidé tó ṣáájú ọjọ́ tí Àlájì fẹ́ wá, ó gun zémì, alùpùpù akérò, kúrò nílé ní kùtùkùtù, kò padà títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹrẹ̀ pupa dé orúnkún rẹ̀.

"Níbo lo lọ?" ni mo bi í.

"Wàá mọ̀ tó bá di Sátidé," ló fèsì, ó tún rẹ́rìn-ín yẹn.

Mo ní ó dáa. Mo ti mọ ibi tó lọ. Ó lọ bá Àlájì lóko rẹ̀ kó lè fìdí ọ̀rọ̀ Kútọnu múlẹ̀ lẹ́yìn mi ni. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, owú ló sọ ọ́, mo sì gbà á gbọ́ kíákíá. Ní Tọ́sìdé, Houda jókòó sí yàrá ẹ̀yìn títí ọjọ́ fi rọ̀, ó ń kọ nǹkan sínú sáfà, ó sì ń fi ara bo ojú ẹ̀rọ kí n má baà rí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni èṣù bá mi jókòó. Ìyá Houda kì í jẹ́ kí ìrun Jímọ̀ kọjá òun, tòun tọmọbìnrin ilé ló ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí wọ́n ń múra, mo ní, "Ìyá, mi ò kírun." Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin bá ti sọ báyìí, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè kí ló fà á, gbogbo obìnrin ló mọ̀ pé nǹkan oṣù ni. Ìyá Houda kàn ní, "Ó dáa, bá mi wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná." Wọ́n jáde. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó tí Houda fi kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìgboro dákẹ́ rọ́rọ́. Mẹsié Benjamin, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ti lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo tan kọ̀ǹpútà iwájú, mo ṣí fáìlì alárinà, mo pa 7 tó wà níparí 8007 rẹ́, mo kọ 9. Ohun tí mo ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, alárinà á lọ kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Èrò mi ni pé nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀ lójú Àlájì, Houda á dààmú, ojú á tì í. Èmi á wá dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, n óò lọ sídìí ẹ̀rọ, n óò tún nọ́ńbà ṣe lójú gbogbo èèyàn. Àlájì á wá mọ ẹni tó yẹ kó lọ sí Kútọnu. Mo pa ẹ̀rọ, mo ti ilẹ̀kùn, mi ò kọ nǹkan kan sínú kàyé. Kí wọ́n tó dé, kọ́kọ́rọ́ ti wà lára ìṣó, ọbẹ̀ nìkan ló jóná díẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, Houda bu omi sí kẹ́tùrù, ó ń ṣàlùwàlá fún ìrun Asari. Mo gba kẹ́tùrù lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń gbà á lójoojúmọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ilé wọn, mo ṣe tèmi, mo tẹ́ ẹní ìkírun mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, mo kírun. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀ rárá, ara mi ló ń ṣe é. Houda wò mí díẹ̀ nígbà tí a ṣe sàláámà tán.

Ní Sátidé, iná ìjọba lọ láti ìdájí. Kò sáàyè láti dán ohunkóhun wò. Àlájì Ramanou ti jókòó sórí àga tí a tò sílẹ̀ fún un, òun àti oníṣòwò mẹ́ta, kí iná tó dé. Kàmíọ̀n rẹ̀ kan wà lójú títì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kù.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni Àlájì wí, "èmi ò ní àsìkò púpọ̀. Dírẹ́bà mi ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ṣé Djaloukou ni kó lọ ni, àbí Gouka? Ní Djaloukou, wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi. Gouka ni mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Tí ẹ̀rọ yín bá sọ fún mi pé iṣu wà ní Gouka, Gouka ló ń lọ. Ẹ kọ Gouka."

Houda bojú wẹ̀yìn, ó wò mí, ojú rẹ̀ ń tàn. Mo ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ Gouka, ó tẹ bọ́tìnnì. A dúró. Ojú ìwé náà funfun, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Faransé kan jáde: sáfà kò lè dáhùn.

"Tún un tẹ̀," ni Mẹsié Benjamin wí. Ó tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Houda sáré wọ yàrá ẹ̀yìn. A gbọ́ ohùn rẹ̀, "Ó ń ṣiṣẹ́ níbí o! Ó wà láàyè! Àbí ohun tí mo fi kún un ní Tọ́sìdé ló bà á jẹ́ ni?" Mẹsié Benjamin tẹ̀ lé e. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì kíkankíkan, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ibi tó yẹ kí n dìde nìyẹn. Ó ti yẹ kí n dìde. Àmọ́ ohùn Houda ti ń gbọ̀n, ohùn yẹn sì dùn létí mi, mi ò ní purọ́. Mo ní kí n jẹ́ kó làágùn díẹ̀ sí i.

Díẹ̀ yẹn ni Àlájì fi dìde. Ó na agbádá rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí Benjamin. Àlejò tó kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò dá lóhùn, ńṣe ló yẹ kó máa lọ." Ó jáde. Mo gbọ́ tó kígbe sí dírẹ́bà rẹ̀ pé, "Djaloukou!"

Mo fò dìde nígbà náà. "Àlájì! Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́, mo lè tún un ṣe!" Ariwo kàmíọ̀n bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Eruku ni mo bá lójú títì.

Mo padà wọlé, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ iwájú, mo pa 9, mo kọ 7, mo pa ẹ̀rọ náà, mo tún un tan. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo kọ Gouka, mo tẹ bọ́tìnnì. Lọ́tẹ̀ yìí, alárinà kan ilẹ̀kùn tó tọ́, èsì sì dé. Orúkọ mẹ́sàn-án ló tò sórí ojú ìwé. Èyí tó wà lókè pátápátá ni mo ń wò, mi ò lè ka ìyókù:

Soulé, Gouka. Iṣu làbókò. Òkìtì mẹ́fà. Ó ti wà ní ìta fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ń fẹ́ ọkọ̀ kíákíá.

Houda ti dúró lẹ́yìn mi. Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ìyẹn ni mo lọ ṣe ní Wẹsidé," ló sọ. "Bàbá Gouka ránṣẹ́ sí ìyá mi pé òun ò rí ọkọ̀. Mo ní kí n lọ kọ ti gbogbo àdúgbò wọn, kó lè bá ìgbà tí Àlájì máa wá. Mo fẹ́ kó ṣe ọ́ ní kàyéfì. Mo fẹ́ kí o rí orúkọ bàbá rẹ níbẹ̀."

Mẹsié Benjamin ṣí kàyé. "Ní Tọ́sìdé ni Houda kọ ọ́ síbí pé 8007, ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Ó dáa. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan." Ó tẹ̀ síwájú mi, ó wo fáìlì àdàkọ tí ẹ̀rọ máa ń fi pa mọ́ nígbàkigbà tí èèyàn bá yí nǹkan padà. "Ẹ̀rọ ní wọ́n yí i ní ọjọ́ Jímọ̀, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ta ló wà níbí? Mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Houda, ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà."

"Mo wà ní mọ́ṣáláṣí," ni Houda wí. "Ìyá mi wà níbẹ̀. Gbogbo wa la wà níbẹ̀, àfi…" Ó yíjú sí mi. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń tò pọ̀ nínú orí rẹ̀. "Moubarak, o ní o ò kírun lọ́sàn-án. O kí Asari lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ara ì bá tù mí. Mẹsié Benjamin ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ Asari jẹ́, ṣùgbọ́n èmi àti Houda mọ̀. Kò sí ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń bẹ lọ́sàn-án tí yóò wá kírun ní aago mẹ́rin bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mo ti pa irọ́ tán, mo gbàgbé láti bá irọ́ náà rìn dé alẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

A sáré lọ sí ilé Àlájì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tún jẹ́wọ́ níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ mi dópin, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Kàmíọ̀n ti lọ, èkejì ń bẹ lọ́wọ́ mẹkaníìkì," ló wí. "Ọmọ mi, èmi ò bínú sí ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ni mi ò fọkàn tán. Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ sí Kútọnu lọ́dún yìí. Ó di ọdún tó ń bọ̀, tí mo bá ti rí i pé ẹ lè bá ara yín gbé."

"Àlájì, ẹ má fìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ Houda," ni mo bẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ lo ti fi jẹ ẹ́," ló dá mi lóhùn. Ó wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí zémì kan gbà láti gbé mi dé Gouka, a ń sọ̀kalẹ̀ ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo bá bàbá mi lábẹ́ igi, ó jókòó sídìí òkìtì iṣu, ó ń fi ọ̀bẹ gé apá tó ti jẹrà kúrò. Òórùn rẹ̀ ti gba àgbàlá kan. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

"Houda jókòó síbi tí o dúró sí yẹn," ló wí. "Ó ń kọ̀wé, mo ń yìn ín. Ó ní, 'Bàbá Gouka, ẹ má yin èmi nìkan, Moubarak ló mú mi dé ìdí ẹ̀rọ yẹn. Tí kì í bá ṣe tirẹ̀, mi ò bá tí mọ nǹkan kan.' Ohun tó sọ lẹ́yìn rẹ nìyẹn."

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Bàbá mi ò lù mí. Ó ṣa iṣu mẹ́rin tó ṣì dára, ó kó wọn sínú àpò. "Kó ìwọ̀nyí fún Ìyá Houda, mi ò lè jẹ́ kí ọdún kọjá kí àbúrò mi má jẹ làbókò mi. Kó tó di pé o lọ, ìwọ lo máa kó èyí tó jẹrà lọ dà nù." Ọwọ́ mi ni mo fi kó o, apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀. Ó gbà mí títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo padà sí ibi ìkẹ́kọ̀ọ́, mo rò pé wọ́n á lé mi. Mẹsié Benjamin na kàyé sí mi níwájú gbogbo àwọn ọmọ. "Jímọ̀ ṣófo nínú rẹ̀," ló wí. "Kọ ọ́." Mo kọ ọ́: *Ọjọ́ Jímọ̀, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yí 8007 sí 8009. Owú ló mú mi ṣe é. Moubarakath.* Houda gba kàyé náà, ó kà á, ó pẹ́ kó tó mú bírò. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Mo ti rí i. Ó ti padà sí 8007.* Ó fọwọ́ sí i. Oṣù kan ni kò fi bá mi ṣeré, mi ò sì bá a wí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Àlájì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, Houda ló lọ sí Kútọnu. Èmi ni mo bá a gbé báàgì dé ibùdókọ̀. Ó ṣì ta mí nínú díẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì ń lọ. Àmọ́ mo mọ̀ nísinsìnyí pé owú ni, mo sì jẹ́ kó kọjá.

Sáfà iwájú ò ṣàìsàn lọ́jọ́ yẹn, sáfà ẹ̀yìn ò ṣàìsàn. Ohun tó wà láàárín wọn ni mo bà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà lèmi àti Houda, kò sí ẹni tó ń bá wa jà, owú mi ló dínà láàárín wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, tí owú bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín ohun tí ẹnì kejì yín ń ṣe lẹ́yìn yín, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ bi ẹni náà fúnra rẹ̀. Mo gbẹ́ kòtò fún Houda, bàbá mi ni mo bá nínú rẹ̀.